Ikú Òde-Ìrèlè ọdún 2015: Málòkun ni tàbí ògógóró?

Ọ̀rọ̀ ìbò ló gba ẹnu gbogbo ènìyàn kan ní ilẹ̀ Ìkálẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹrin ọdún 2015. Wọ́n ti dìbò ààrẹ ní ọjọ́ 28, oṣù kẹta, níbi tí Ọ̀gágun Muhammadu Buhari ti borí Ààrẹ Goodluck Jonathan. Wọ́n sì tún dìbò ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ìpínlẹ̀ ní ọjọ́ 11, oṣù kẹrin. Àríyànjiyàn ìbò ọ̀hún kò tí ì rọlẹ̀ tán tí ẹkún fi sọ ní Òde-Ìrèlè.

Bí ọ̀rọ̀ náà ṣe bẹ̀rẹ̀ rú àwọn ènìyàn lójú. Ènìyàn a ní orí ń fọ́ òun. Kò ní pẹ́ tí yóò fi ní ojú òun ṣú, òun kò rí ọ̀kánkán mọ́. Lẹ́yìn èyí ni yóò dákú, ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ó sì ṣe bẹ́ẹ̀ ni kò lò tó ọjọ́ kan gbáko kí ẹ̀mí tó bọ́ lára wọn. Láàrin ọjọ́ mélòó kan, ó kéré tán ènìyàn 18 ló ti kú. Kọmíṣọ́nnà fún ètò ìlera ní ìpínlẹ̀ Òǹdó nígbà náà, Dókítà Dáyọ̀ Adéyanjú, bọ́ síta láti bá àwọn oníròyìn sọ̀rọ̀. Àjọ ìlera àgbáyé, WHO, náà sì rán àwọn ènìyàn rẹ̀ wá.

Ẹ̀rù tí ó kọ́kọ́ ba gbogbo ìlú ni ti Ebola, kò sì sí ẹni tí ó lè bú wọn. Oṣù keje ọdún 2014 ni àìsàn náà wọ Nàìjíríà láti Làìbéríà. Ọjọ́ 20, oṣù kẹwàá ọdún náà ni WHO tó kéde pé ó ti kásẹ̀ nílẹ̀. Omi iyọ̀ tí àwọn ènìyàn fi wẹ̀ lóru nítorí Ebola kò tí ì gbẹ tán lára wọn. Ṣùgbọ́n àyẹ̀wò fi hàn pé kì í ṣe Ebola, kì í sì í ṣe kòkòrò àìfojúrí kankan tí ẹnì kan lè kó ran ẹlòmíràn. Ẹni tí ó tọ́jú aláìsàn kò kó o. Ìyàwó tí ó sun ẹ̀gbẹ́ ọkọ kò kó o.

Ibi tí àwọn dókítà ti ń wá ìdí ọ̀rọ̀ ni àwọn ará ìlú ti rí ìdáhùn tiwọn. Wọ́n ní Málòkun ni. Ìròyìn tàn kálẹ̀ pé àwọn ọ̀dọ́ kan já ojúbọ òrìṣà náà wọ̀, wọ́n kó nǹkan inú rẹ̀ lọ, òrìṣà sì ń gbẹ̀san lára wọn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Kíá ni ìwé ìròyìn gbé e, tí àwọn ti ìlú Òyìnbó náà sì gbé e pẹ̀lú, tí orúkọ Òde-Ìrèlè tí ọ̀pọ̀ wọn kò gbọ́ rí wá di ohun tí wọ́n ń pè lórí redio àti tẹlifíṣọ̀n.

Ẹni tí ó bá mọ Ìrèlè kò ní fi ọ̀rọ̀ yìí ṣe yẹ̀yẹ́. Málòkun kì í ṣe òrìṣà kékeré ní ìlú náà. Òrìṣà omi ni, àwọn ará Ìkálẹ̀ àti àwọn Ìlàjẹ ọmọ ìyá wọn tí ó wà létí òkun sì mọ ohun tí omi ń ṣe fún ènìyàn àti ohun tí ó lè gbà lọ́wọ́ ènìyàn. Ọdún Málòkun ni ọmọ Ìrèlè tí ó wà ní Èkó tàbí ní Benin fi ń rántí ilé. Onígbàgbọ́ tí ó ń lọ ṣọ́ọ̀ṣì ní ọjọ́ Ìsinmi pàápàá kò ní gbà kí ẹnikẹ́ni sọ ìsọkúsọ sí i níwájú òun. Nítorí náà, nígbà tí wọ́n ní ojúbọ ni wọ́n jí nǹkan ní inú rẹ̀, ọ̀rọ̀ náà bọ́ sí etí tí ó ti ṣe tán láti gbọ́ ọ. Kò sí ẹni tí kò mọ̀ pé ayé ti bàjẹ́, pé àwọn ọmọ ìsinsìnyí kò bẹ̀rù ohunkóhun mọ́, pé ohun tí àwọn baba fi pamọ́ ni wọ́n ń gbé tà. Ikú yìí kàn wá fi èdìdì dì í ni.

Ilé àyẹ̀wò ní Èkó ló wá sọ ohun mìíràn. WHO ti kọ́kọ́ fura sí oògùn tí wọ́n fi ń pa koríko lóko. Nígbà tí àyẹ̀wò tí wọ́n ṣe ní LUTH, ilé ìwòsàn ńlá ti Yunifásítì Èkó, jáde, methanol ni wọ́n rí. Inú ògógóró ló wà.

Ó yẹ kí ọ̀rọ̀ methanol yìí yé tàgbà tèwe, nítorí kò tí ì tán nílẹ̀. Nǹkan méjì ló wà tí ó jọ ara wọn bí ìbejì. Àkọ́kọ́ ni ethanol, òun ni ó wà nínú ẹmu, bíà àti ọtí líle gbogbo, tí ó ń pa ènìyàn bí ọtí. Èkejì ni methanol. Omi funfun ni àwọn méjèèjì, òórùn wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ bára dọ́gba, ẹni tí ó bá sì fi ahọ́n tọ́ ọ wò lè máà mọ ìyàtọ̀. Iléeṣẹ́ ni wọ́n ń lo methanol fún, àwọn tí ó ń po ọ̀dà àti fáníìṣì mọ̀ ọ́n. Bí ó bá wọ inú ènìyàn, ẹ̀dọ̀ yóò sọ ọ́ di májèlé kan tí ó le ju òun fúnra rẹ̀ lọ, májèlé yìí ni ó sì ń dojú kọ iṣan tí ń gbé ìríran láti ojú lọ sí ọpọlọ. Ìdí nìyẹn tí ojú fi ń ṣú. Ẹ̀tàn ibẹ̀ ni pé kì í pani lójú ẹsẹ̀. Ẹni tí ó mu ún lálẹ́ yóò mutí yó bí ó ṣe máa ń yó, yóò sùn, yóò jí. Lẹ́yìn bíi wákàtí 12 sí 24 ni ìyà rẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀, nígbà tí òun àti àwọn ará ilé rẹ̀ ti gbàgbé ọtí àná. Bí ènìyàn mẹ́wàá bá mu nínú kẹ́ẹ̀gì kan náà, tí wọ́n sì túká lọ sí ilé wọn, ilé mẹ́wàá ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni ikú yóò ti yọ lọ́jọ́ kejì, láìsí ẹni tí yóò rántí ibi tí gbogbo wọn ti pàdé. Ta ni kò ní sọ pé òrìṣà ni?

Kí a tó di ẹ̀bi lé ògógóró lórí ṣá, ó yẹ kí a rántí ibi tí ó ti wá. Ọ̀gọ̀rọ̀ tí ó ń hù lẹ́bàá omi ni àwọn adẹ́mu ń dá. Wọn a jẹ́ kí ẹmu náà kan fún ọjọ́ díẹ̀, wọn a dà á sínú dúrọ́ọ̀mù, wọn a dáná sí i nídìí. Ooru tí ó ń gòkè yóò gba inú páìpù kọjá nínú omi tútù, yóò sì máa kán tótó sínú ìgò. Ẹni tí ó bá mọ iṣẹ́ náà dunjú kì í ta èyí tí ó kọ́kọ́ kán. Dídànù ni, nítorí àwọn àgbà ti mọ̀ láti ọjọ́ pípẹ́ pé kò dára fún ara. Bẹ́ẹ̀ ni iṣẹ́ náà ṣe rí ní Ìkálẹ̀, ní Ìlàjẹ, ní Arógbò àti ní gbogbo agbègbè omi títí dé ọ̀dọ̀ àwọn Urhobo àti àwọn Ìjọ. Ìyá tí ó ń ta á fi rán ọmọ níléèwé, baba tí ó ń pọn ọ́n fi kọ́lé.

Ìjọba amúnisìn kò fẹ́ràn rẹ̀. Jíìnì tí ọkọ̀ òkun ń kó wá láti Yúróòpù ni wọ́n ń gba owó orí rẹ̀. Nígbà tí ọrọ̀ ajé àgbáyé dẹnu kọlẹ̀ ní nǹkan bí ọdún 1930, tí owó epo pupa àti èkùrọ́ já wálẹ̀, ọwọ́ tálákà kò tó jíìnì mọ́, àwọn ènìyàn sì bẹ̀rẹ̀ sí í pọn tiwọn. Ni òfin bá dé, ni ọlọ́pàá bá ń wọ inú igbó àti odò lọ fọ́ dúrọ́ọ̀mù. Ọtí tí ènìyàn ń pọn ní ìkọ̀kọ̀ ni ògógóró fún ọ̀pọ̀ ọdún, bẹ́ẹ̀ òun náà ni wọ́n ń gbé síwájú àgbà láti fi ṣe àdúrà. Òun ni wọ́n fi ń tọrọ ìyàwó. Òun ni wọ́n ń ta sílẹ̀ fún àwọn tí ó ti lọ. Bí bàbá àgbà bá fẹ́ súre fún ọmọ tí ó ń lọ sí ìrìnàjò, ìgò rẹ̀ ni yóò ní kí wọ́n gbé wá. Ohun tí ó wá dun ọ̀pọ̀ ènìyàn jù nínú ọ̀ràn Ìrèlè nìyí: ohun àdúrà ni ikú bá wọlé.

Bí ó bá ti rí báyìí, kí ni a ó wá sọ nípa Málòkun? Àwọn kan ní kí á fi ọ̀rọ̀ ìbílẹ̀ sílẹ̀ pátápátá, pé àìmọ̀kan ni. Àwọn mìíràn ní òrìṣà ló fi methanol sínú ọtí láti fi mú àwọn olè, pé òyìnbó kàn rí ọ̀bẹ, kò rí ẹni tí ó dì í mú. Ẹni tí ó bá fẹ́ gba èyí kejì gbọ́ lè gbà á. Kò sí ilé àyẹ̀wò tí yóò yọ ọ́ lọ́kàn rẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí ó yẹ kí ó dáhùn sí. Kò ju ọ̀sẹ̀ mélòó kan lọ lẹ́yìn ti Ìrèlè tí irú ikú kan náà fi bẹ́ sílẹ̀ ní ilẹ̀ Ògóní, ní ìpínlẹ̀ Rivers, tí ó pa ọgọ́rọ̀ọ̀rọ̀ ènìyàn. Orí fífọ́ kan náà ni, ojú ṣíṣú kan náà ni, ọtí kan náà ni. Kò sí ojúbọ Málòkun ní Ògóní. Kí ni wọ́n jí?

Ìyà tí ó wà nínú ìtàn olè ojúbọ yìí kì í ṣe kékeré. Ẹni tí ọkọ rẹ̀ kú ní ọ̀sẹ̀ náà, òkú nìkan kọ́ ni wọ́n gbé fún un. Wọ́n gbé orúkọ olè fún un pẹ̀lú. Bí ó bá sunkún, wọn a ní ó ń sunkún olè. Àwọn ọmọ tí baba wọn yà sí ibi ọlọ́tí lẹ́yìn iṣẹ́ oko, gẹ́gẹ́ bí ó ti ń ṣe láti ogún ọdún, di ọmọ ẹni tí òrìṣà pa. Ní ilẹ̀ wa, kò sí ohun tí ó burú tó kí a sin ènìyàn láìní iyì. Ẹ̀sùn tí òkú kò lè wí tẹnu rẹ̀ lé lórí ni wọ́n fi kàn án, kò sì sí ẹni tí ó padà lọ kó ẹ̀sùn náà kúrò lẹ́nu ọ̀nà ilé rẹ̀ lẹ́yìn tí LUTH sọ̀rọ̀ tán.

Àwọn Onígbàgbọ́ tí ó wà lára àwọn tí ó sọ ọ́ gbàgbé ohun tí ó wà nínú Bíbélì tiwọn, nínú ìwé Lúùkù. Jésù mẹ́nu ba àwọn ènìyàn kan tí ilé ìṣọ́ Sílóámù wó lù pa, ó sì bi àwọn tí ó dúró tì í bóyá wọ́n rò pé ẹ̀ṣẹ̀ àwọn yẹn ló pọ̀ ju ti gbogbo ará Jerúsálẹ́mù lọ. Ó ní rárá. Ẹ̀yìn èyí ni ó wá yí ọ̀rọ̀ náà sí ọ̀dọ̀ àwọn tí ó wà láàyè, pé àwọn ni kí wọ́n yí ìwà padà. Ènìyàn 18 ni ilé ìṣọ́ náà pa. Àwọn Mùsùlùmí náà mọ̀ ọ́n nínú ẹ̀kọ́ Ànábì pé onígbàgbọ́ òdodo tí àjàkálẹ̀ àìsàn bá pa, ipò ajẹ́rìíkú ni wọ́n ń kà á sí, kì í ṣe ipò ẹni ègún. Àwọn babaláwo pàápàá, àwọn tí ó mọṣẹ́ nínú wọn, kì í dá ẹjọ́ kí wọ́n tó béèrè. Wọn a gbé ọpẹ̀lẹ̀ kalẹ̀ ná.

Síbẹ̀, àwọn tí ó ní ẹnì kan ṣẹ̀ kò jìnnà sí òótọ́. Ẹ̀ṣẹ̀ wà níbẹ̀. Ẹmu ọ̀gọ̀rọ̀ kì í fúnra rẹ̀ mú methanol tí ó pọ̀ tó báyẹn jáde. Ilé àyẹ̀wò lè sọ ohun tí ó wà nínú ìgò. Kò lè sọ ojúkòkòrò tí ó gbé e síbẹ̀. Ibi tí ènìyàn ti ń lú ọtí, tí ó ń lú epo pupa, tí ó ń po oògùn ayédèrú, kò nílò kí ó já ilé òrìṣà kankan kí ó tó jalè. Ní òpin ọdún 2008 sí ìbẹ̀rẹ̀ 2009, oògùn eyín ọmọdé kan tí wọ́n ń pè ní My Pikin pa ọmọ 84 ní Nàìjíríà, nítorí pé kẹ́míkà tí kò yẹ kí ó kan ẹnu ènìyàn wọ inú rẹ̀. Ìyá fi ọwọ́ ara rẹ̀ fún ọmọ mu.

Kì í ṣe ìgbà àkọ́kọ́ nìyí tí Yorùbá yóò dúró sí àárín òrìṣà àti dókítà. Nígbà tí ṣànpọ̀nná ń jà, kò sí ẹni tí ó gbọ́dọ̀ pe orúkọ rẹ̀ lásán. Ilẹ̀-gbígbóná ni wọ́n ń pè é, òun ló sì ń jogún ẹrù ẹni tí ó bá pa. Dókítà Ògúntọ́lá Sàpárà, ọmọ Yorùbá tí ó kàwé ìṣègùn, wọ inú ẹgbẹ́ àwọn abọ̀rìṣà náà láì jẹ́ kí wọ́n mọ̀, ó sì wá sọ ohun tí ó rí nípa bí àwọn kan nínú wọn ṣe ń fi àìsàn náà jẹun. Abẹ́rẹ́ àjẹsára ló wá ṣẹ́gun rẹ̀. Ọdún 1970 ni Nàìjíríà rí i kẹ́yìn. Ọdún 1980 ni WHO kéde pé kò sí i mọ́ ní gbogbo ayé.

Ìtàn náà ní ẹ̀gbẹ́ kejì ṣá o. Nígbà tí àìsàn lùkúlùkú ọdún 1918 dé, tí ìjọba ti ṣọ́ọ̀ṣì pa nítorí rẹ̀, tí oògùn òyìnbó kò sì ràn án, àwọn ọmọ ìjọ Áńgílíkà kan ní Ìjẹ̀bú-Òde kó ara wọn jọ fún àdúrà. Inú ẹgbẹ́ kékeré náà, Ẹgbẹ́ Òkúta Iyebíye, ni gbòǹgbò ìjọ Àpọ́sítélì ti yọ, tí ó fi di ìsọjí ńlá tí Joseph Ayọ̀ Babalọlá, awakọ̀ katakata tí ń ṣe títì, darí ní Òkè-Ooye, Iléṣà, ní ọdún 1930. Mósè Orímọládé àti Abíọ́dún Akínṣọ̀wọ́n ti dá ìjọ Kérúbù àti Séráfù sílẹ̀ ní Èkó ní 1925. Aṣọ funfun náà sì gba ọ̀nà omi dé Ìkálẹ̀ àti Ìlàjẹ. Àwọn kan nínú ìjọ wọ̀nyí kọ oògùn sílẹ̀ pátápátá, ọ̀pọ̀ ènìyàn sì ti ibẹ̀ kú; kò yẹ kí a fi bò. Ṣùgbọ́n àwọn apẹja Ìlàjẹ tí ó jẹ́ ọmọ ìjọ Kérúbù tẹ Ayétòrò dó ní 1947 létí òkun, nínú ẹkùn Òkìtìpupa àtijọ́ tí Ìkálẹ̀ àti Ìlàjẹ jọ wà, wọ́n fi àpò owó kan ṣoṣo ṣe ìlú, wọ́n kan ọkọ̀ ojú omi, wọ́n sì ní iná mànàmáná ní àwọn ọdún 1950 nígbà tí ọ̀pọ̀ ìlú tí ó tóbi jù wọ́n lọ ń tan fìtílà. Ìgbàgbọ́ tiwọn kò ní kí wọ́n jókòó. Òkun tí ó ń jẹ ìlú náà lónìí kò lè pa ìtàn yẹn rẹ́.

Ìkálẹ̀ tún ní àpẹẹrẹ tí kò jìnnà. Dókítà Olúṣẹ́gun Àgágú, ọmọ Ìjù-Odò, tí ó ṣe gómìnà ìpínlẹ̀ Òǹdó láti 2003 sí 2009, kú ní ọjọ́ 13, oṣù kẹsàn-án, ọdún 2013. Ní ọjọ́ 3, oṣù kẹwàá, ọkọ̀ òfuurufú tí ó ń gbé òkú rẹ̀ bọ̀ láti Èkó sí Àkúrẹ́ já lulẹ̀ kété tí ó gbéra, ènìyàn tí ó ju mẹ́wàá lọ sì kú nínú rẹ̀. Deji Falae, ọmọ Olóyè Olú Fálaè, wà lára wọn. Ohun tí ẹnu kò sọ lọ́jọ́ náà kò sí: ayé ni, àwọn ọ̀tá ni, òkú fúnra rẹ̀ ni. Ìwádìí àjọ tí ó ń rí sí jàm̀bá ọkọ̀ òfuurufú fi hàn pé ohun èlò inú ọkọ̀ náà ti ń kìlọ̀ fún àwọn awakọ̀ kí wọ́n tó gbéra. Wọ́n gbọ́ ìkìlọ̀ náà, wọ́n sì ń bá ìrìn lọ.

Ìjọba àpapọ̀ gba ọwọ́ NAFDAC fi òfin de ògógóró ní oṣù kẹfà ọdún 2015. Òfin náà jọ ti amúnisìn àtijọ́, kò sì ṣeé gbé dúró. Ta ni yóò máa ṣọ́ gbogbo igbó ọ̀gọ̀rọ̀ láti Ìrèlè dé Ogoni? Ẹni tí ó ń pọn ọ́n dáadáa láti ìran dé ìran ni wọ́n fi jẹ ẹ̀wọ̀n ẹni tí ó da kẹ́míkà sí i. Ohun tí ó yẹ ni kí wọ́n forúkọ àwọn apọntí sílẹ̀, kí wọ́n kọ́ wọn, kí àyẹ̀wò sì wà nítòsí, kí ó má jẹ́ pé Èkó ni wọn yóò ti mọ ohun tí ó pa ènìyàn ní Ìrèlè. Ilẹ̀ wa nìkan kọ́ ni ọ̀rọ̀ yìí ti ń ṣẹlẹ̀. Ní ọdún 2020, ọgọ́rọ̀ọ̀rún ènìyàn kú ní Iran, nítorí wọ́n gbọ́ àhesọ pé ọtí ń wo Kòrónà, methanol ni wọ́n sì rí mu. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2024, àwọn àlejò òyìnbó mẹ́fà tí wọ́n lọ ṣe fàájì ní ìlú kan ní Laos ni irú rẹ̀ pa.

Bí ènìyàn bá mu ọtí lálẹ́, tí ó jí ní ọjọ́ kejì tí ó ní ojú òun ń ṣú, tàbí pé òun ń rí nǹkan bí ẹni pé kùrukùru bò ó, tí èémí rẹ̀ sì ń yára, kí wọ́n má fi àgbo dá a dúró nílé, kí wọ́n má sì gbé e lọ sí ilé àdúrà kọ́kọ́. Ilé ìwòsàn ni kí wọ́n gbé e lọ ní wákàtí náà, kí wọ́n sì sọ fún dókítà pé ó mutí, bí ẹni náà tilẹ̀ jẹ́ alàgbà ìjọ tí kò fẹ́ kí wọ́n gbọ́. Ìtọ́jú rẹ̀ wà: oògùn wà tí kì í jẹ́ kí ẹ̀dọ̀ sọ methanol di májèlé, ẹ̀rọ sì wà tí ó lè fọ ẹ̀jẹ̀. Wọ́n tún gbọ́dọ̀ wá àwọn tí wọ́n jọ mu nínú ìgò náà jáde, bí ara wọn tilẹ̀ ṣì dá. Lẹ́yìn èyí, ẹni tí ó bá fẹ́ gbàdúrà lè máa gbà á lẹ́nu ọ̀nà wọ́ọ̀dù.

Wọ́n ṣì ń ṣe ọdún Málòkun ní Òde-Ìrèlè. Wọ́n ṣì ń gbé ọtí síwájú àgbà láti súre. Láti ọdún 2015, àwọn kan wà nínú ìlú tí yóò kọ́kọ́ béèrè ẹni tí ó pọn ọ́n kí wọ́n tó gbà á lọ́wọ́ ọmọ tí ó gbé e wá.